Ṣé agogo àwọn Maguindanao ń fọhùn bíi gángan wa?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àyàn ni wọ́n bí mi sí ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n California ni mo ń gbé báyìí, mo sì ń lu gángan ní ìjọ wa àti níbi ìnáwó. Láìpẹ́ yìí mo rí àwọn ọmọ Fílípíìnì kan tí wọ́n ń lu agogo mẹ́jọ tí wọ́n tò sórí okùn, wọ́n ní kulintang ni. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé agogo ńlá kan wà nínú ọ̀wọ́ náà tó ń sọ̀rọ̀. Mo tún kà á pé UNESCO kọ kolintang àti balafon ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un lọ ni? Ṣé lóòótọ́ ló ń sọ̀rọ̀ bíi gángan? Mo fẹ́ ra ọ̀kan tí màá lò pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù ìjọ wa fún ètò Kérésì. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní òun lè bá mi fi irin rẹ́ lára àwọn agogo náà kí ohùn wọn lè bá kíbọ́ọ̀dù mu. Kí lẹ rí sí i?"

Ọmọ Àyàn, mo kí ọ o. Kí n kọ́kọ́ gbé èyí tó wà lórí iná sọ̀: sọ fún ọlọ́jà rẹ pé kó dáwọ́ dúró, kó má fi irin kan agogo kankan títí wàá fi ka ọ̀rọ̀ yìí tán. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wé mọ́ bí àwọn agogo yẹn ṣe ń fọhùn, ìyẹn ni n kò ṣe lè dá ọ lóhùn ní gbólóhùn kan. Bí mo ṣe lóye rẹ, o gbọ́ ohun kan tó jọ tiwa láti ọ̀nà jíjìn, ó wù ọ́, o sì fẹ́ mú un wọlé. Ó jọ tiwa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí o rò ló ti jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ UNESCO kò le. Lóṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n kọ balafon Mali, Burkina Faso àti Côte d'Ivoire pọ̀ mọ́ kolintang ilẹ̀ Indonéṣíà. Kolintang tí wọ́n ń wí níbẹ̀, ti àwọn Minahasa ní àríwá Sulawesi ni, pátákó igi ni wọ́n fi ṣe é, ìdí rèé tó fi bá balafon rẹ́, tí òun náà jẹ́ onípátákó igi. Idẹ ni èyí tí ìwọ rí. Orúkọ ló mú kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra lójú ẹni tó ń kà á, nítorí àwọn Maranao, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ni irú agogo tí o rí, náà máa ń pe tiwọn ní kolintang. Pé orílẹ̀-èdè mẹ́rin jọ forúkọ sílẹ̀ pọ̀ kò sì sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Bí a bá ń wá ìbátan agogo Mindanao, erékùṣù tí kulintang rẹ ti wá, Ìlà-Oòrùn Éṣíà lápá gúúsù ni ká wò: gamelan, ọ̀wọ́ agogo ilẹ̀ Java, jẹ́ ẹbí rẹ̀, irú agogo onídodo báyìí, tí àárín rẹ̀ yọ síta bí ìdodo, tí wọ́n tò sórí okùn sì wà ní Sabah, ní Brunei àti ní erékùṣù Maluku. Òwò ojú òkun ló tàn án kálẹ̀, ó sì ti wà kí ẹ̀sìn Ìsìláámù tó dé agbègbè náà. Mo mọ̀ pé inú wa máa ń dùn láti sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo nǹkan ti ṣẹ̀, àmọ́ èyí kì í ṣe tiwa.

Àwọn tó ni ín ni Maguindanao, tí wọ́n ń gbé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò ńlá tó ṣàn lọ sí Cotabato, àti Maranao, tí wọ́n yí adágún Lanao ká, níbi tí ìlú Marawi wà. Erékùṣù Mindanao ni gbogbo rẹ̀, ní gúúsù Fílípíìnì. Mùsùlùmí ni wọ́n. Àwọn ará Sípéènì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí Fílípíìnì ní 1565, tí wọ́n sì sọ àríwá di ilẹ̀ Kátólíìkì, kò rí ilẹ̀ àwọn sultan wọ̀nyí gbà tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Sultan Kudarat ti Maguindanao bá wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí kan pàtàkì nìyẹn tí agogo fi kù síbẹ̀ nígbà tí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti jìtá gba ilẹ̀ níbòmíràn. Nítorí náà, má ṣe yà ọ́ lẹ́nu bí ọmọ Manila kan bá sọ fún ọ pé Amẹ́ríkà ni òun ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kulintang. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Danongan Kalanduyan, ọ̀gá nídìí kulintang, tí wọ́n bí ní 1947 ní Datu Piang ní ilẹ̀ Maguindanao, dé Yunifásítì Washington ní Seattle ní 1976, ó kọ́ni níbẹ̀, ó sì wá ń gbé ní agbègbè San Francisco, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Fílípíìnì tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní oyè National Heritage Fellowship ní 1995; ó kú ní 2016. Usopay Cadar, tí í ṣe Maranao, náà kọ́ni ní Seattle. Kì yóò yà mí lẹ́nu bí àwọn tí o rí bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kalanduyan.

Ohun èlò márùn-ún ló wà nínú ọ̀wọ́ Maguindanao, tí wọ́n ń pè ní palabunibunyan. Kulintang ni agogo kéékèèké mẹ́jọ tí o rí, láti èyí tó lọ sílẹ̀ jù lápá òsì dé èyí tó ròkè jù lápá ọ̀tún. Òun ló ń kọ orin. Agung tóbi, etí rẹ̀ jìn, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún nínú àyà ẹni. Wọ́n so ó rọ̀, ẹni tó ń lù ú á máa fi ọwọ́ kejì pa ohùn rẹ̀. Babandil kéré, etí rẹ̀ ni wọ́n ń fi igi tín-ínrín gbá, òun ló ń pa àkókò mọ́ fún àwọn yòókù. Dabakan ni ìlù aláwọ kan ṣoṣo tó wà láàrin wọn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n sì fi ń lù ú. Ìkarùn-ún ni gandingan.

Gandingan ni ẹni yẹn ń sọ, òótọ́ ló sì sọ. Àwọn Maguindanao ló ń lò ó, kò sí nínú ọ̀wọ́ àwọn Maranao. Agogo ńlá mẹ́rin ni, etí wọn kò jìn, wọ́n so wọ́n rọ̀ ní méjì méjì tí ìdodo wọn kọjú síra, onílù á wá dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọ̀pá méjì tí wọ́n fi rọ́bà wé lórí. Ohùn mẹ́rin ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi lù ni wọ́n ń pè ní apad. Láyé ọjọ́un wọ́n ń fi kìlọ̀ ewu, wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ilé dé ilé, ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń fi bá ọmọbìnrin tí àṣà kò jẹ́ kó dúró tì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, lójú àwọn òbí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè mú un pé ó la ẹnu.

Ibi tí ọ̀nà ti pín nìyí, ìwọ ló sì yẹ kó tètè yé jù. Bí o bá fi gángan sọ pé "mo ra igbá," ohùn òkè tó gbẹ̀yìn ni kò jẹ́ kí igbá yẹn di igba. Ohùn ti wà lórí ọ̀rọ̀ kí o tó gbé kọ̀ǹgọ́, ohun tí ìlù ṣe ni pé ó gbé e jáde. Èdè Maguindanao kò rí bẹ́ẹ̀. Gbé ohùn ọ̀rọ̀ kan sókè, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni. Gandingan kò wá rí ohùn kankan bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó rí gbé ni iye sílébù, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, ibi tí ẹnu ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àti bí odidi gbólóhùn ṣe ń gùn tó sì ń sọ̀ nígbà tí èèyàn bá ń bẹ̀bẹ̀, tó ń pàṣẹ tàbí tó ń béèrè. Ó dà bí ìkànkùn: gbogbo ará ilé ló mọ bí bàbá wọn ṣe ń kan ilẹ̀kùn, àlejò ò gbọ́ ju igi tí wọ́n ń gbá lọ. Ẹni tó gbọ́ èdè náà, tó sì ti mọ àwọn gbólóhùn tí wọ́n sábà máa ń lù, á gbọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa jó.

Àmọ́ má tìtorí èyí sọ pé ọ̀rọ̀ tiwọn kò tó ọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ kí àwọn onílù wa máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì tọ́. Tiwa gan-an, ohùn àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nìkan ló ń gbé. Kóńsónáǹtì ò sí lẹ́nu gángan, fáwẹ̀lì ò sí níbẹ̀. Lu gbólóhùn tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ní gbàgede Ọ̀yọ́, kí o wá béèrè ohun tí o wí, ìdáhùn oríṣiríṣi ni wàá gbọ́. Oríkì àti òwe ló ń gbà wá, nítorí ẹni tó ń gbọ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kó tó débẹ̀. Ohun kan náà ló ń gba onígandingan. Àwa ń fi ohùn èdè ṣe ìdajì iṣẹ́, a sì ń fi ìmọ̀ olùgbọ́ parí rẹ̀. Tiwọn, ìmọ̀ olùgbọ́ ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí o bá wá fẹ́ kí n kọ́ ọ ní apad láti inú lẹ́tà, n kò lè ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè ṣe é. Èdè náà ni wàá kọ́kọ́ gbọ́.

Jẹ́ ká wá padà sórí ọlọ́jà rẹ àti irin rẹ̀. Kulintang kò ní ohùn kan tí gbogbo ayé fi ń ṣe é. Alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ń da tirẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbà á. Kulintang ilé yìí àti ti ilé kejì lè má bára dọ́gba rárá, síbẹ̀ orin kan náà ni wọ́n ń lù lórí wọn, olùgbọ́ á sì mọ orin náà lójú ẹsẹ̀. Ìdí ni pé ipò agogo ni orin dúró lé: ìkẹta lọ sí ìkẹrin, ó fò dé ìkẹfà, ó padà. Bí àlàfo láàrin ìkẹta àti ìkẹrin bá fẹ̀ díẹ̀ níbí tó sì há díẹ̀ lọ́hùn-ún, orin kò bàjẹ́, adùn tirẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan ń mú jáde. Ìwọ ọmọ Àyàn lo yẹ kí o rẹ́rìn-ín síbí. Nígbà tí o bá ń fa awọ gángan, ṣé o máa ń béèrè lọ́wọ́ onídùùrù pé ibo ni ohùn òkè wà? Ohùn òkè rẹ wà lókè ohùn àárín rẹ, ó tán. Ibi tí kulintang ti jọ tiwa gan-an nìyí, ó sì jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ pé agogo ń sọ̀rọ̀ lọ.

Bí ọlọ́jà náà bá wá rẹ́ agogo mẹ́jọ náà, idẹ tó bá rẹ́ kúrò kò ní padà mọ́. Ohùn agogo wà nínú bí idẹ ṣe nípọn tó yíká ìdodo rẹ̀, rírẹ́ á sì sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó lè bá kíbọ́ọ̀dù mu kí ó sì pàdánù ìró gígùn tó mú kí o fẹ́ ẹ. Ó tún lè sán. Ohun tí èmi máa kọ́kọ́ yàn ni pé kí kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ nígbà tí kulintang bá ń fọhùn, kí àwọn akọrin máa gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí olórí akọrin yín bá yarí pé kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù òde òní ní ibi tí èèyàn ti lè gbé ohùn kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀ tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ lé agogo. Má retí pé yóò pé, nítorí ohun tí kíbọ́ọ̀dù ń ṣe ni pé ó ń tún ohùn kan náà pè lókè àti nísàlẹ̀, kulintang kì í sì í ṣèlérí pé agogo òkè yóò jẹ́ ẹ̀dà ti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni pé kí o fi agogo mẹ́jọ náà sílẹ̀ ná, kí o lo agung, babandil àti dabakan pẹ̀lú gángan rẹ. Àwọn yẹn kò bá kíbọ́ọ̀dù jà. Èèyàn tún lè ní kí wọ́n da agogo tuntun tó bá kíbọ́ọ̀dù mu láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, àmọ́ wàá ti ra nǹkan tí olùkọ́ Maguindanao kan lè gbọ́ kó máa wò ọ́.

Ní ti rírà, béèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́, ṣé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan ni gbogbo mẹ́jọ ti wá, àbí wọ́n ṣà wọ́n jọ ni? Gbé wọn sórí okùn, má gbé wọn sórí tábìlì, lù wọ́n láti òsì dé ọ̀tún. Ohùn wọn gbọ́dọ̀ máa gòkè, ìró kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi páànù tàbí idẹ fẹ́lẹ́ ṣe fún arìnrìn-àjò láti gbé kọ́ ògiri á kù fẹ̀ẹ̀ bí ìkòkò. Láyé àtijọ́ àdàlù bàbà àti tánńganran ni wọ́n ń lò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì èyí di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ tí wọ́n dà látìgbà náà jẹ́ idẹ tí wọ́n yọ́ láti ara àjákù nǹkan, ó sì ń dún dáadáa bí ọwọ́ tó dà á bá mọṣẹ́. Tugaya, létí adágún Lanao, gbajúmọ̀ fún dída idẹ pẹ̀lú ìda oyin, irú ọgbọ́n tí àwọn ará Ifẹ̀ fi da orí idẹ. Ìbéèrè kejì ni pé níbo ni ó ti rí i. Agogo jẹ́ ogún ìdílé ní ilẹ̀ yẹn, ó máa ń wà nínú ohun ìdána, ó ń fi ipò ẹni hàn. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Marawi ní oṣù Karùn-ún 2017, tó sì jà fún oṣù márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé sá fi ilé àti ẹrù wọn sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní agogo àtijọ́ lọ́wọ́ tí kò sì lè sọ ìdílé tó ti wá, èmi ò ní fowó sí i.

Kí o tó náwó pàápàá, wá ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ní àṣà wọn obìnrin ló ni ìdí kulintang, ọkùnrin ló ni agung àti gandingan, àwọn ọkùnrin bíi Kalanduyan sì ti di ọ̀gá nídìí kulintang pẹ̀lú. Nítorí náà ó lè jẹ́ ìyá àgbà kan ni yóò jókòó tì ọ́, kí o kúnlẹ̀ ọkàn rẹ dáadáa. Kò sí ìwé orin. Á lù ú, ìwọ á gbà á. Orin bíi duyug, sinulog àti tidtu ni ìpìlẹ̀, ọ̀nà méjì sì ni wọ́n ń gbà lù wọ́n: kamamatuan, ọ̀nà àwọn àgbà, tó rọra ń rìn, tí orin inú rẹ̀ sì hàn kedere, àti kagungudan, ọ̀nà àwọn ọ̀dọ́, tó yára, tó kún fún àrà ọwọ́. Ọwọ́ rẹ á fẹ́ sáré lọ bá kagungudan nítorí ó dùn mọ́ onílù. Mo bẹ̀ ọ́, ti àwọn àgbà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Èmi náà jókòó nídìí babandil fún ìgbà pípẹ́ kí olùkọ́ mi tó jẹ́ kí n kan kulintang, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ bí àwọn márààrún ṣe ń fún ara wọn láyè.

Ó wá ku ètò Kérésì rẹ. Níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìfọbajẹ àti ìkíni káàbọ̀ fún ẹni tó ti Mẹ́kà dé ni wọ́n ti ń lù ú, kì í ṣe inú mọ́ṣáláṣí. Àwọn àáfà kan níbẹ̀ kò tiẹ̀ fọwọ́ sí i rárá, ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá náà mọ̀ dáadáa. Nítorí náà ìlù ayẹyẹ ni, n kò sì rò pé lílù ú níwájú àwọn Kìrìsìtẹ́nì jẹ́ ìwọ̀sí, bí o bá sọ fún ìjọ pé ti àwọn wo ni, tí o sì ti sọ fún olùkọ́ rẹ ohun tí o fẹ́ ṣe. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ní kí o yọ sílẹ̀: tagonggo. Ó yá, ó le, agung àti dabakan ló ń gbé e, kò lo kulintang, ìdí nìyẹn tí àwọn onílù wa fi máa ń kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Àmọ́ òun ni wọ́n ń lù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ètùtù ìwòsàn fún aláìsàn. Fi duyug kan dípò rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí gángan rẹ wọlé lẹ́yìn tí babandil bá ti fìdí àkókò múlẹ̀.